Àwòrán Ọba Méjì Tó Ń Du Òkun

Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn fọ́tò gbogbo àdúgbò wa. Iṣẹ́ férémù ni bàbá mi ń ṣe ní Malu Road, ní Ajégúnlẹ̀. Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì kéré, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò dúró ti bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń gbé síléètì lọ sílé ìwé ní Olodi tí èmi ń gbé gíláàsì. Bí oníbàárà bá mú fọ́tò wá, bàbá mi á gé gíláàsì, á kan igi mẹ́rin pọ̀. Tèmi ni láti wá ohun tí a ó fi tì í lẹ́yìn kó má baà ká. Ohun tó bá ṣáà ti le ni: páálí ọṣẹ, kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá, àwòrán àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ óò wọ pálọ̀ èèyàn, ẹ óò rí ìyá ìjọ lára ògiri pẹ̀lú gèlè àti Bíbélì lọ́wọ́. Èmi mọ̀ pé obìnrin tó gbé ife bíà sókè tó ń rẹ́rìn-ín ló wà lẹ́yìn wọn.

Gbàǹjo la ti ń rí àwọn àwòrán àtijọ́ wọ̀nyẹn. Bí òyìnbó bá fẹ́ kó kúrò ní Apapa padà sílùú rẹ̀, wọ́n á pàtẹ ẹrù rẹ̀ síwájú ilé, ẹni tó bá pe owó tó ga jù ni yóò gbé e lọ. Férémù ni bàbá mi ń tìtorí rẹ̀ lọ, nítorí kòkòrò kì í jẹ igi wọn. Ohun tó bá wà nínú férémù, èènì ni.

Nínú irú gbàǹjo bẹ́ẹ̀ ni àwòrán àwọn ọba méjì ti wọlé wa. Àwòrán méjì ni, wọ́n tóbi bákan náà, àwọn ọkùnrin méjì kan náà ló sì wà nínú méjèèjì. Nínú èkíní, ọkùnrin sísanra kan jókòó sórí àpáta láàárín omi, ikùn rẹ̀ rí bí ìkòkò àgbo. Ó so okùn mọ́ gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀, ọkọ̀ ogun kan sì wà nídìí okùn kọ̀ọ̀kan bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fara pamọ́ sẹ́yìn àpáta. Ó dé akoto onírin tó ní ṣóńṣó lórí, irunmú rẹ̀ ká sókè lọ́tùn-ún lósì bí ìwo àgbò. Inú ọpọ́n ìwẹ̀ ló ti ń kan ọkọ̀ tirẹ̀, pákó tó sì fi ń kàn án, ara ọkọ̀ ẹni sísanra ló ti ń fà á yọ, ó ń wojú ó ń wẹ̀yìn. Àkùkọ kan dúró létí omi, ó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nínú èkejì, ẹni sísanra náà ti di ẹja ọlọ́wọ́ púpọ̀, ó fi gbogbo ọwọ́ rẹ̀ di ọkọ̀ mú, ó tún ń jẹ òmíràn lẹ́nu, igi ọkọ̀ yọ láàárín eyín rẹ̀. Ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ wá jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń fá pákó ọkọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣa èéfọ́ igi nílẹ̀. Èkejì yìí ni mo fẹ́ràn, nítorí àwọn ọmọdé inú rẹ̀.

Nǹkan wà ní kíkọ sábẹ́ méjèèjì, àmọ́ bàbá mi ò mọ èdè òyìnbó kankan kà, èmi ò sì mọ̀wé kà rárá; ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí tí mò ń sọ yìí.

Àwòrán méjèèjì ò pẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá kan wà ní Marine Beach tó ní ọkọ̀ ojú omi tó pọ̀ jù níbẹ̀. Gbogbo ìgbà ló máa ń dé akẹtẹ̀ gbàràgàdà, òjò rọ̀ o, oòrùn ràn o, a sì ń pè é ní Ọ̀gá Alákẹtẹ̀. Ọ̀gá Alákẹtẹ̀ ya fọ́tò ràgàjì, ó ní ká ṣe férémù tó bá ipò òun mu. Páálí kankan ò tó o ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wá kiri títí, mo mú àwòrán kejì, mo yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn, mo fi ti fọ́tò Ọ̀gá Alákẹtẹ̀ lẹ́yìn, mo lẹ ìwé ràpá bò ó, mo kan ìṣó sí i. Ó gbé e lọ sí pálọ̀ rẹ̀. Mo gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀dọ́kùnrin kan wá ṣe férémù fọ́tò ìyá rẹ̀. Ó gbé e lọ, ó tún gbé e padà wá, ó ní igun kan ò dọ́gba. Igun náà dọ́gba o. Bàbá mi fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó wo ojú ọmọkùnrin náà, ó wo ojú mi, ó ní, “Férémù kọ́ lo ń wá níbí.” Bó ṣe di àfẹ́sọ́nà mi nìyẹn. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ń ṣe lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ní Marine Beach náà.

Àsìkò tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì ló kún ojú òkun Èkó. Wọn ò ráyè wọ èbúté, wọ́n kàn tò síta gbalasa, oṣù ń gorí oṣù. Àwọn atukọ̀ inú wọn ń fẹ́ adìẹ, wọ́n ń fẹ́ búrẹ́dì, wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n gbé àwọn wá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹni tó bá lọ́kọ̀ ní Marine Beach, ayé rẹ̀ dára. Ọ̀gá Alákẹtẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ nìkan tẹ́lẹ̀. Bàbá àfẹ́sọ́nà mi ti bá a ṣiṣẹ́ rí, kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ ra ọkọ̀ tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹni yìí bá ra ẹ́ńjìnnì, ẹni yẹn á ra èyí tó pariwo jù ú lọ. Bí ẹni yẹn bá kun ọkọ̀ lódà pupa, tẹni yìí á di pupa àti funfun. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé àwọn èrò ń sáré bọ́ sínú ọkọ̀ torí àwọn ọmọọṣẹ́ ọ̀gá méjèèjì ń fa aṣọ mọ́ wọn lára.

Bàbá àfẹ́sọ́nà mi wá ń kan ọkọ̀ tuntun kan tó ga ju gbogbo ti Ọ̀gá Alákẹtẹ̀ lọ. Ọ̀gá Alákẹtẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kiri pé pákó òun ń dín lẹ́yìnkùlé, àti pé ẹni tó bá ń wá a kó lọ wo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń kàn. Ó sọ ọ́ ní ọjà, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lòun àti bàbá mi ń lọ, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí.

Nǹkan kan tún kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Bàbá àfẹ́sọ́nà mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó sì fẹ́ràn irunmú rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń fi fasilíìnì pa á, tí yóò fi ọwọ́ ká ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì sókè.

Wọ́n ti ṣe ìdána mi, wọ́n sì ti ka orúkọ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ìkẹta. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ tuntun fẹ́ balẹ̀ sómi.

Bàbá mi ní, “Àna mi ń sọ ọkọ̀ sómi, mi ò lè káwọ́ gbera máa wò ó. Ọlọ́kọ̀ ni, ọkọ̀ ni n ó fi ta á lọ́rẹ.” Ó gbé àwòrán kìíní jáde, ó pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀, ó ṣe férémù tuntun fún un, ó fi aṣọ funfun dì í. Ó ní iṣẹ́ tó ń kánjú, kò lè lọ fúnra rẹ̀.

Mo bi í pé, “Bàbá, kí ni kí n sọ fún wọn?”

Ó ní, “Kò ní ọ̀rọ̀. Wí fún wọn pé fúnra wọn ni wọ́n á rí i.”

Mo gbé e lérí. Malu Road kún fún tirela tó ń lọ sí wọ́ọ̀fù, awakọ̀ kan ń pariwo lé mi lórí pé, “Àǹtí, shift jàre! You wan make I jam you?” Mo ń rìn, inú mi ń dùn, ọrùn mi ń dùn mí. Nígbà tí mo dé Marine Beach, èrò ti pé yí ọkọ̀ náà ká. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe rán mi: “Bàbá mi ní kí n gbé e fún yín, sà. Wọ́n ní kò ní ọ̀rọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rí i.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu àwọn àgbà tó wà níbẹ̀.

Apá omi Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti wá. Níbi tí wọ́n ti bí wọn, ohun tí wọ́n bá dì láṣọ, tí wọ́n fi rán ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, àrokò ni. Bàbá mi náà gbọ́ nípa àrokò rí. Létí tirẹ̀, ìtàn àwọn baba ńlá ni. Létí tiwọn, ọ̀rọ̀ àná ni.

Bàbá àfẹ́sọ́nà mi tú aṣọ. Ó wò ó. Ó rọra gbé ọwọ́ lé irunmú rẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ na ọrùn. Ẹnì kan ní, “Ẹ wò ó, bàbá nìyí! Irunmú bàbá nìyẹn!”

Òmíràn ní, “Ẹni tó jókòó yẹn ńkọ́? Ta ló tún níkùn báyẹn létíkun yìí?”

“Okùn ọkọ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ku akẹtẹ̀!”

“Ẹ dákẹ́ ná. Kí ni bàbá ń fà yọ lára ọkọ̀ wọ̀nyẹn?”

Pákó ni. Ọmọdé pàápàá rí i pé pákó ni.

Bàbá àfẹ́sọ́nà mi wò mí. “Ìyàwó mi, bàbá rẹ ló ní kí o gbé e wá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kò ní ọ̀rọ̀?”

“Kò ní, sà.”

“Ó ní. Mo ti gbọ́ ọ.” Ó dojú àwòrán náà délẹ̀ lórí iyanrìn. “Sọ fún bàbá rẹ pé mo ti ka àrokò rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n ní olè ni mí. Kó wá síbí, kó dúró níbi tí o dúró sí yìí, kó sọ lójú gbogbo èèyàn pé èmi kì í ṣe olè. Bí kò bá wá, lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ tí àlùfáà bá bèèrè bóyá ẹnì kan ní ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ fẹ́ra yín, èmi ni n ó dìde.”

Àfẹ́sọ́nà mi sáré tẹ̀lé mi dé ojú ọ̀nà. Ó ní, “Má sunkún. Ṣáà bẹ bàbá, kí wọ́n wá.”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà ẹ bẹ bàbá yín.”

“Tèmi? O ò mọ̀ wọ́n ni. Bí wọ́n bá ti ká irunmú wọn, ó tán.”

Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún bàbá mi, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó bínú. “Èmi? Kí n lọ wólẹ̀ fún ẹni tí mo ta lọ́rẹ? Ṣé èmi ni mo ká irunmú sí i lẹ́nu?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn lọ sọ pé wọn kì í ṣe olè.”

“Bí mo bá dúró létíkun tí mo ń pariwo pé lágbájá kì í ṣe olè, kí làwọn èèyàn á sọ? Wọ́n á ní kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ẹni méjì á di ti gbogbo Ajégúnlẹ̀.”

Òótọ́ wà níbẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, Ọ̀gá Alákẹtẹ̀ fúnra rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ kejì. Ó gbé ikùn ṣíwájú ara rẹ̀, ó bọ bàbá mi lọ́wọ́. “Ará, ẹ ṣeun o. Wọ́n sọ fún mi. Ohun tí mo ti ń fẹnu sọ, ẹ̀yin ẹ fi férémù sọ ọ́.” Bàbá mi sọ pínsà mọ́lẹ̀, ó ní òun ò fi férémù sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Alákẹtẹ̀ ṣẹ́jú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Mo ń gbá ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Mo gé gíláàsì, mo gé ìka mọ́ ọn. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, bàbá mi á ní, “Ẹsẹ̀ yẹn!” Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Mo rìn dé ìdajì ọ̀nà Marine Beach, mo padà. Mo tún rìn lọ. Aṣọ ìgbéyàwó mi wà lọ́dọ̀ aránṣọ, mi ò lè lọ gbé e, mi ò sì lè sọ fún un pé kó dá a dúró. Ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́. Ẹlòmíràn ti wá kí bàbá mi rí, mo sá sẹ́yìn gíláàsì. Tẹni yìí, èmi ni mo ń sá jáde.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi wá gbé mi lọ níkẹyìn ni Olodi-Apapa, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá àfẹ́sọ́nà mi. Kúùkù inú ọkọ̀ òkun ni bàbá yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti fẹ̀yìn tì. Mo bá a níbi tó ti ń gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ bí ẹni pé atukọ̀ ogójì ló ń dúró de oúnjẹ.

Kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán. “Ìwọ lo gbé ogun òyìnbó wá sí etíkun wa.”

“Bàbá, ẹ ti rí i?”

“Wọ́n kọjú ẹ̀ sógiri nílé, mo yí i padà. Mo ti rí irú ẹ̀ rí, nínú ilé ọtí wọn lọ́hùn-ún. Ọba méjì ni. Ẹni sísanra yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó dé akoto ṣóńṣó yẹn, Jámánì. Gẹ̀ẹ́sì ní òun lòun ni òkun, Jámánì ní òun náà á kan ọkọ̀ ogun. Bí ẹni yìí bá kan ọ̀kan, ẹni yẹn á kan èyí tó tóbi jù ú lọ.”

Mo ní, “Bíi ti Marine Beach.”

“Bíi ti Marine Beach gan-an. Àwọn ayàwòrán wọn wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, àwọn èèyàn ń rà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ogun Jámánì tí àwọn bàbá wa máa ń sọ.” Ó nu ojú rẹ̀, àlùbọ́sà ni. “Àmọ́ gbọ́ o. Èyí tí bàbá rẹ fún wọn, Gẹ̀ẹ́sì ló yà á. Ta ló ń ya ara rẹ̀ ní olè? Nílùú àwọn Jámánì, èsì wà. Tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ̀bìà, Jámánì lèèyàn rere. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í dá rìn.”

Mo dìde lójijì.

“Kí ló dé?”

“Ẹja ọlọ́wọ́ púpọ̀,” ni mo ní. “Bàbá, mo mọ ibi tó wà.”

Ó pè mí padà pé kí n jẹun. Mo ti dé ojú títì.

Ọmọ mi, rọra kọ èyí, nítorí ibí yìí ni àyà mi ti ń já jù. Pálọ̀ Ọ̀gá Alákẹtẹ̀ ni mo wọ̀. Ó jókòó sábẹ́ fọ́tò ara rẹ̀, akẹtẹ̀ lórí rẹ̀, akẹtẹ̀ lórí fọ́tò. Mo kí i, mo ní, “Bàbá, fọ́tò yín ni mo wá yẹ̀ wò. Ohun tí mo fi tì í lẹ́yìn ti pẹ́. Bí omi bá wọ̀ ọ́, á kó àbàwọ́n bá ojú yín.”

Ó fojú kékeré wò mí. “Àna rẹ ló rán ọ? Pákó ò tó o mọ́, ó ku fọ́tò?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí, mo gbé e mì. “Rárá, sà. Èmi ni mo kàn án, èmi ni n ó tún un ṣe.”

“Èló?”

“Ọ̀fẹ́ ni, sà.”

“Ọ̀fẹ́!” Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Bá a gbé e sọ̀ kalẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kó fọ́.”

Bí mo ṣe gbé e dé Malu Road, mi ò mọ̀. Mo fi pínsà yọ ìṣó, mo ya ìwé ràpá. Òun nìyẹn. Ẹja náà, ọkọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pẹ̀lú irunmú rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń ṣa èéfọ́ igi. Omi ò tiẹ̀ wọ̀ ọ́. Bàbá mi ń wò mí láti ìdí tábìlì rẹ̀. Mo fi àwòrán náà sí abẹ́ apá, mo jáde. N kò fi aṣọ dì í.

Bàbá àfẹ́sọ́nà mi wà létí omi, ó ń so ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn tútù, mo tẹ́ àwòrán náà síwájú rẹ̀, mo fi òkúta kan tẹ igun rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Mo ní, “Bàbá, èyí ní ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.”

Ó fi okùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sì lé mi.

“Méjì ni wọ́n, sà. Ará ìlú ẹni sísanra ló ya tọ̀hún, ará ìlú ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ ló ya èyí. Kálukú wọn ń ya ọ̀tá rẹ̀. Bàbá mi ò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ni wọ́n rí nínú ẹ̀, wọ́n ní ọlọ́kọ̀ ni yín.”

Ó tẹ̀ bá a. Ó fi ìka tọ́ka sí ẹja náà, ó ka ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ọkọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ náà pẹ́. “Ó ń fá igi tirẹ̀,” ló ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tirẹ̀ ni.”

“Ibo lo ti rí èyí?”

“Lẹ́yìn fọ́tò Ọ̀gá Alákẹtẹ̀, sà.”

“Lẹ́yìn kí ni?”

“Fọ́tò wọn tó wà ní pálọ̀. Àwòrán yìí ni mo fi tì í lẹ́yìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.”

Irunmú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ìbínú ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí etí ọkọ̀. “Ó pọ̀n mí! Ó ń bú mi kiri ìlú, ó sì pọ̀n mí sẹ́yìn!” Ó pe ọmọ rẹ̀, ó pe àwọn atukọ̀, ó ní kí gbogbo wọn wá wo ẹni tí Ọ̀gá Alákẹtẹ̀ ń pọ̀n. Àfẹ́sọ́nà mi wò mí lókè orí wọn, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Èmi ò tíì lè rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé, “Ọjọ́ ìsinmi ńkọ́, sà?”

Ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tuntun, ó gbé pákó gígùn kan jáde, èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kan ọkọ̀. Ó fi aṣọ funfun tí bàbá mi fi di àwòrán ọjọ́sí wé e, ó gbé e lé mi lórí. “Gbé e fún bàbá rẹ. Kò ní ọ̀rọ̀. Fúnra rẹ̀ ló máa rí i.”

Mo rìn gbogbo ọ̀nà yẹn pẹ̀lú pákó lórí, mi ò mọ̀ bóyá ìlàjà ni mo rù tàbí ogun. Bàbá mi tú aṣọ. Ó wo pákó náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

“Pákó tí wọ́n ní ó jí nìyí,” ló ní. “Ó ní kí n fi ṣe férémù.” Ó na ọwọ́ sí ayùn. “Àwòrán méjèèjì dà? Lọ gbà wọ́n wá. Lọ́tẹ̀ yìí èmi ni n ó gbé e lọ, ẹnu mi á sì tẹ̀ lé e.”

Mo padà lọ gba méjèèjì wá lọ́wọ́ bàbá àfẹ́sọ́nà mi. Inú férémù kan ṣoṣo ni bàbá mi fi wọ́n sí, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹni tó bá rí ọ̀kan á rí ìkejì. Ó gbé e lọ sí Marine Beach. Ó dúró síbi tí mo dúró sí, ó sì sọ̀rọ̀. Mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ olè rárá. Ó ní òun ṣe férémù yìí pẹ̀lú igi ọkọ̀ àna òun, òun á sì gbé e kọ́ sójúta fún gbogbo ayé rí, àbí ta ló ń fi igi jíjí ṣe ẹ̀ṣọ́?

Síbẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi, ọkàn mi ò balẹ̀. Bàbá ọkọ mi ò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò ní dìde. Ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó jókòó níwájú, irunmú rẹ̀ ń dán. Àlùfáà ka orúkọ wa nígbà kẹta. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ ká so àwọn méjèèjì yìí pọ̀, kó sọ ọ́ nísinsìnyí. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀yìn orí bàbá ọkọ mi. Orí náà ò mì.

Bẹ́ǹṣì kan dún. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú padà. Ọ̀gá Alákẹtẹ̀ ló dìde.

Àlùfáà ní, “Ẹ ní ìdí kan, bàbá?”

“Èmi ò ní ìdí o,” ni Ọ̀gá Alákẹtẹ̀ wí. “Kí wọ́n fẹ́ra wọn. Àmọ́ kí ọmọ yìí tó lọ sílé ọkọ, kó dá fọ́tò mi padà. Ó ní òun fẹ́ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, láti ọjọ́ náà mi ò rí ara mi mọ́.”

Ẹ̀rín bú sáyé. Àlùfáà pàápàá fi ìwé bo ẹnu. Bàbá ọkọ mi ló rẹ́rìn-ín jù, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn lẹsẹ̀ mi tó dẹ́kun gbígbọ̀n.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbé fọ́tò rẹ̀ padà fún un. Páálí wàrà méjì ni mo so pọ̀ fi tì í lẹ́yìn. Ó yí i padà, ó fi ìka kan páálí náà. “Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí?”

“Rárá, sà. Àwòrán òyìnbó kan ló wà níbẹ̀.”

“Ó dára?”

Mo wo ikùn rẹ̀, mo wo akẹtẹ̀ rẹ̀. Mo ní, “Ó dára, sà. Ọkọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n jókòó kí n mu nǹkan tútù. Mi ò lè jókòó, aránṣọ ń dúró dè mí.

Àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti lọ, àwọn bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ, bàbá tó ń gé àlùbọ́sà ti lọ. Ọwọ́ mi ni férémù náà wà, kòkòrò ò jẹ ẹ́. Kò sì tíì sí pálọ̀ tí mo wọ̀ láti ìgbà yẹn tí mo jókòó tán. Bí mo bá ti rí fọ́tò lára ògiri, ọwọ́ á máa yún mi, mo fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀, kí n wo ẹni tí wọ́n pọ̀n.